Wọ́n ní 23 nínú 100 ará Èkó ti kó kòrónà rí kí 2020 tó parí. Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ ìyẹn?

Ìyá Ìbejì Ṣómólú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá mọ̀ nípa iṣẹ́ láàbù nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti fẹ́ di ìjà láàárín èmi àti àbúrò ọkọ mi.

Òun ní kòrónà ò wọ Èkó. Ó ní àrùn àwọn tó ń wọ bàálù ni, pé ní gbogbo Ṣómólú títí dé Bàríga, òun ò mọ ẹyọ ẹnì kan tó ṣe ní 2020. Èmi ò gbà. Ní nǹkan bí oṣù kẹfà ọdún yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti dẹ okùn kónílé-ó-gbélé díẹ̀, gbogbo ilé wa ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Ara ríro, ikọ́ gbígbẹ, ibà tó ń wá tó ń lọ. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé mo da irú sínú epo gbígbóná, mi ò gbóòórùn kankan. Irú o! Ọmọ tó wà ní yàrá kejì ló ń pariwo pé nǹkan ti ń jóná. A lo àgbo, a lo oògùn ibà, ó lọ. A ò lọ yẹ ara wa wò níbì kankan. Ta ló fẹ́ kí wọ́n wá fi áńbúláǹsì gbé òun lójú gbogbo àdúgbò, kí oníbàárà má wá ra aṣọ lọ́wọ́ òun mọ́?

Ó wá di pé mo ka ìròyìn kan tó jáde ní oṣù kejì 2021. Àjọ NCDC tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, àti NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yábàá, gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn láti ojúlé dé ojúlé ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin: Èkó, Enugu, Nasarawa àti Gombe. Àwọn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lé ní 10,000. Èsì tí wọ́n rí ni 23 nínú 100 fún Èkó, 23 fún Enugu, 19 fún Nasarawa, 9 fún Gombe. Mo gbé e fún àbúrò ọkọ mi kà. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣebí ìjọba yìí náà ló ń ka iye tó kó o fún wa lálaalẹ́ lórí tẹlifíṣàn? Títí di oṣù kẹwàá 2020, gbogbo ti Èkó ò ju bí 20,000 lọ. Báwo ni 20,000 ṣe di mílíọ̀nù mẹ́ta?"

Mi ò rí èsì fún un. Ẹ gbà mí. Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rántí àìsàn tó ti lọ? Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹ̀rún mélòó kan ṣe wá ń gbẹnu sọ fún gbogbo Èkó, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò kan ilẹ̀kùn tiwa rárá? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, àwọn òkú dà?

Ọmọ Ọlọ́fin

Màmá, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ibà ló ṣe yín. Ibà ló ń ṣe gbogbo wa. Mo sì ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan tó ń ta irinṣẹ́ láàbù ní Ìdúmọ̀tà pé àwọn kíìtì tí wọ́n ń kó wọlé nígbà yẹn, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ní ibà nínú, "kòrónà wà" ni wọ́n máa ń sọ. Òyìnbó ṣe kíìtì fún ẹ̀jẹ̀ òyìnbó, àwa gbé e wá síbi ẹ̀fọn. Ẹ fi 23 yẹn sílẹ̀ fún wọn.

Bàbá Láàbù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ìbejì. Iṣẹ́ láàbù ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdí ẹ̀jẹ̀ ni mo gbó sí. Ọmọ Ọlọ́fin, mo rí ohun tí o kọ. Ọ̀rọ̀ ibà yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, n ó padà sí i, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Màmá lóhùn.

Àyẹ̀wò méjì ló wà, wọn ò sì bára tan. Èyí tí wọ́n ń ki igi olówùú bọ imú, kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀ ló ń wá. Ó lè rí i nígbà tó ṣì wà lára. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá ti kọjá, kòkòrò ti lọ, àyẹ̀wò yẹn ò ní bá nǹkan kan. Ti ẹ̀jẹ̀ kì í wá kòkòrò. Ohun tí ara yín ṣe láti fi bá a jà ló ń wá, ìyẹn antibody. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí àrùn bá wọlé ni ara máa ń ṣe é jáde. Irú kan wà tí wọ́n ń pè ní IgM, ó tètè ń dé, ó tètè ń lọ. IgG ló ń pẹ́ níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, òun sì ni àwọn tó ń ṣèwádìí ìlú máa ń wá jù.

Ní láàbù, àwo pẹlẹbẹ kan wà tó ní ihò kéékèèké, 96 ni. Wọ́n ti lẹ ègé kan lára kòkòrò náà mọ́ ìsàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan. Omi tó máa ń dá dúró lókè bí ẹ̀jẹ̀ bá ti silẹ̀, òun la ó kán sí i. Bí antibody bá wà níbẹ̀, á di ègé yẹn mú. A ó fọ ihò náà. Èyí tó dì mọ́ ọn kò ní bá omi lọ. A ó wá kán nǹkan mìíràn sí i tó ń mú kí àwọ̀ yọ, ẹ̀rọ á sì wo bí àwọ̀ náà ṣe ṣú tó. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Àwọ̀ kì í sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ó lè ṣú dùdù, ó lè máà yọ rárá, ó sì lè wà láàárín. Èèyàn ló fa ìlà pé láti ibí lọ sókè la ó kà sí ẹni tó ti kó o. Ẹni tó bá fa ìlà yẹn wálẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà á ròkè. Ẹni tó bá gbé e sókè, nọ́ńbà á já. Gbogbo ìgbà tí akọ̀ròyìn bá ti kọ "àyẹ̀wò fi hàn pé", tí kò sọ kíìtì wo, inú máa ń bí mi.

Ó yá, ọ̀rọ̀ 20,000 àti mílíọ̀nù mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀. 20,000 ni iye ẹni tó lọ fún àyẹ̀wò imú, tí èsì sì ní ó wà lára wọn. Ta ló ń lọ nígbà yẹn? Ẹni tí àìsàn ti gbé dè, ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó ti fara kan aláìsàn. Ẹ̀yin náà ti dáhùn ìbéèrè yín: gbogbo ilé yín ṣàìsàn, ẹ ò lọ. Ẹ ò sí nínú 20,000 nìyẹn. Bí a bá ka Èkó sí mílíọ̀nù 15, ìdá 23 nínú 100 rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kà lórí tẹlifíṣàn, bí 170 èèyàn ló kó o lóòótọ́. Ní Geneva, ní Switzerland, níbi tí àyẹ̀wò imú ti pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì, wọ́n ṣe irú ìwádìí yìí ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún 2020. Fún ẹnì kan tí wọ́n kà, wọ́n bá bí 12. Àlàfo tó wà láàárín 12 àti 170 ń sọ fún yín bí a ṣe ń ṣàyẹ̀wò tó. Kò sọ nǹkan kan nípa ìlú tí àrùn pọ̀ sí jù.

Pé wọn ò kan ilẹ̀kùn yín ńkọ́? Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ṣíbí kan ti tó láti fi tọ́ ìkòkò ọbẹ̀ wò. Èmi kì í lo àpèjúwe yẹn, torí ọbẹ̀ ti pò pọ̀ kí ṣíbí tó wọ̀ ọ́. Èkó ò pò pọ̀. Yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀ tí èèyàn mẹ́fà ń sùn sí, àti ilé kan ní Ìkòyí tí èèyàn mẹ́ta ń gbé nínú yàrá mẹ́jọ, àrùn ò lè ràn níbẹ̀ bákan náà. Ẹ wo Mumbai, ní Íńdíà. Ní oṣù keje 2020, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní wọ́ọ̀dù mẹ́ta. Ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, níbi tí ilé ti fún pọ̀ mọ́ra, 57 nínú 100 ló ti kó o. Ní àwọn ilé tó kù nínú wọ́ọ̀dù kan náà, 16. Ìlú kan náà, oṣù kan náà. Ẹni tó bá lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní apá kan ṣoṣo, irọ́ ló máa gbé wálé.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ ṣẹ́ gègé láàárín àwọn àdúgbò, kí wọ́n tó tún ṣẹ́ ẹ láàárín àwọn ojúlé tó wà ní àdúgbò tí gègé bá mú. Ẹnikẹ́ni ò lè ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ òun. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ló ń wá fúnra rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ò gbóòórùn irú lẹ máa kọ́kọ́ sáré débẹ̀, àbúrò ọkọ yín á jókòó sílé, nọ́ńbà á sì wú. Ní New York, ní oṣù kẹrin 2020, àwọn oníbàárà tó wá ra oúnjẹ ní ilé ìtajà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Èsì àkọ́kọ́ fún ìlú náà jẹ́ bí 21 nínú 100. Ó yá, ó sì wúlò lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́.

Ti àwọn òkú, ìdáhùn méjì ni mo ní, èmi náà ò sì ka èyíkéyìí nínú wọn sí àṣepé. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú wa: nǹkan bí ìdajì ọmọ Nàìjíríà ni kò tíì ju ọdún 18 lọ, àwọn àgbà ni àrùn yìí sì ń pa jù. Lẹ́yìn náà, òkú tí wọn ò yẹ̀ wò ò lè wọ ìwé. Ní Lusaka, olú ìlú Zambia, àwọn olùwádìí ki igi bọ imú òkú 364 ní mọ́ṣúárì ilé ìwòsàn ńlá ibẹ̀, láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án 2020. Wọ́n bá kòrónà lára 58. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yẹn, ilé ni wọ́n kú sí, láìsí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò nígbà tí wọ́n wà láàyè.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Mo ti kà á sókè fún un. Ọ̀rọ̀ ìlà yẹn ló gbá mú. Ó ní tó bá jẹ́ èèyàn ló ń fa ìlà, á jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn náà ni kòrónà wà, ibi tó bá wù ú ló lè fà á sí. Ẹ bá mi fún un lésì, torí ó ti ń fọ́nnu.

Ṣadé Thamesmead

Ẹ kú àtijọ́ o. London ni mo wà, ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú. Ti ìlú yìí, Imperial College ló ṣe é, REACT-2 ni wọ́n pè é. Wọn ò wá sílé ẹnikẹ́ni. Orúkọ tó wà lọ́wọ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibí, ni wọ́n fi ṣẹ́ gègé tí Bàbá sọ, wọ́n kọ lẹ́tà, ẹni tó bá gbà ni wọ́n fi kíìtì ránṣẹ́ sí. Lẹ́tà kàn mí. Ẹ ó gún ìka, ẹ ó kán ẹ̀jẹ̀ sínú ihò kékeré, ẹ ó kán omi kan lé e, ẹ ó dúró, lẹ́yìn náà ẹ ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀jẹ̀ tèmi kọ̀, kò kán. Àfìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná.

Èsì wọn àkọ́kọ́, ti oṣù kẹfà sí ìkeje 2020, lára àwọn tó lé ní 100,000: 6 nínú 100 fún gbogbo England, 13 fún London. Ibi tó dùn mí ni ti àwọ̀. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, 5 nínú 100. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó lé ní 17. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé arúgbó náà lé ní 16. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa wá ń sọ pé bóyá ẹ̀jẹ̀ wa ló ń fa àrùn mọ́ra. Mo bi í pé ta ló ń wẹ àwọn arúgbó ní oṣù kẹrin, nígbà tí àwọn yòókù ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì? Ta ló ń wa bọ́ọ̀sì? Ilé ta ni ìyá àgbà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti há sínú yàrá méjì? Ìwádìí náà fúnra rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ àti bí ilé ṣe kún tó wà lára ohun tó fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ tán. Kò dá mi lóhùn, tíì ló lọ pò.

Ìbéèrè tèmi rèé, Bàbá. Oṣù kẹrin ni mo ṣàìsàn, wọ́n ki igi bọ imú mi, wọ́n ní ó wà lára mi. Nígbà tí kíìtì dé ọwọ́ mi ní oṣù kẹsàn-án, ó ní mi ò ní antibody. Ibo ló gbà lọ?

Ọmọ Ọlọ́fin

Ẹ ò rí nǹkan báyìí! Ẹni tí wọ́n bá àrùn lára rẹ̀, kíìtì ní kò kó o. Ẹni tí ibà ṣe, kíìtì ní kòrónà ni. Kí wá ni iṣẹ́ kíìtì?

Bàbá Láàbù

Ọmọ Ọlọ́fin, ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa. Kò sí kíìtì tí kì í ṣe àṣìṣe, irú méjì sì ni àṣìṣe rẹ̀. Ó lè fẹ̀sùn kan ẹni tí kò kó àrùn. Ó lè fojú fo ẹni tó kó o. Bí o bá ti mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó, o lè ṣírò rẹ̀ kúrò. Èsì fún àbúrò ọkọ Màmá náà nìyẹn: kì í ṣe ibi tó wu èèyàn ni à ń fa ìlà sí. Kí ẹ̀jẹ̀ ará ìlú tó dé, a ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a mọ̀ dájú pé wọ́n kó o wò, nípa àyẹ̀wò imú wọn, àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà pa mọ́ sínú fíríìsà kí kòrónà tó dé ayé. Ibi tí ìlà ti ya ọ̀wọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa jù ni a ó fà á sí.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le nígbà tí ẹ̀jẹ̀ inú fíríìsà yẹn bá jẹ́ ti ìlú tí kò sí ibà. Níbí ni Ọmọ Ọlọ́fin ti rí nǹkan sọ. Àwọn olùwádìí kan mú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ti gbà ṣáájú kòrónà, wọ́n fi kíìtì ilé iṣẹ́ méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Kò yẹ kí ẹyọ kan yọ. Lórí ti Abbott, 13 yọ nínú 212, ìyẹn bí 6 nínú 100. Lórí ti Euroimmun, 38 yọ nínú 213, bí 18 nínú 100! Àwọn tí antibody ibà pọ̀ lára wọn ni ẹ̀sùn èké náà ń mú jù. Kì í ṣe pé ibà ń ṣe wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ o, ibẹ̀ ni ẹni tó ń ta irinṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà ti ṣì í sọ. Ibà àtẹ̀yìnwá ni, èyí tí ara ti bá jà léraléra. Ó jọ pé antibody irú ara bẹ́ẹ̀ máa ń rọra lẹ̀ mọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá ṣe tẹ̀ lé e dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n fi omi tí wọ́n po yúríà sí fọ ihò àwo náà. Antibody tí kò dì í mú gírígírí já bọ́. Nígbà tí yúríà inú omi náà le dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀sùn èké náà ló bá omi lọ. Yúríà o, èyí tí àgbẹ̀ ń dà sí ìdí àgbàdo! Inú mi máa ń dùn bí nǹkan olówó pọ́ọ́kú bá tún ti ẹ̀rọ olówó ńlá ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀ lórí Èkó. Ká ní 25 nínú 100 ló kó o lóòótọ́, kíìtì wa sì ń fojú fo ìdá kan nínú mẹ́rin wọn. Á rí bí 19. Nínú 75 tí kò kó o, bó bá ń fẹ̀sùn èké kan 6 nínú 100, á mú 4 tàbí 5 mọ́ ọn. Ẹ ro ó pọ̀: 23 tàbí 24. Àṣìṣe méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kíìtì tó ń fẹ̀sùn kan 18 nínú 100, tí a ò sì ṣe àtúnṣe kankan, ẹni 9 péré tó kó o lóòótọ́ á tó láti mú 23 jáde. Láti 25 dé 9, nọ́ńbà orí ìwé ìròyìn ò yí padà rárá. Ẹ ti rí ìdí tí mo fi ń bínú sí àwọn akọ̀ròyìn.

Níbi tí àrùn ò bá tíì pọ̀, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ní Santa Clara, California, ní oṣù kẹrin 2020, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Stanford fi ìpolówó orí Facebook pe èèyàn, wọ́n yẹ 3,330 wò, 50 yọ. Ìyẹn jẹ́ 1.5 nínú 100. Kíìtì tó bá ń ṣi ẹni 1.5 mú nínú 100 á kó 50 yẹn jáde láìsí ẹyọ ẹnì kan tó ṣàìsàn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò bo wọ́n ní oṣù yẹn, kò sì yà mí lẹ́nu.

Ṣadé, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ àwọn arúgbó. REACT-2 yẹn kan náà ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án: 6 nínú 100, lẹ́yìn náà 4.8, lẹ́yìn náà 4.4. Ẹni tó ti kó àrùn ò lè padà di ẹni tí kò kó o rí. Antibody wọn ló ń rọ̀ títí ó fi bọ́ sábẹ́ ìlà, ó sì ṣeé ṣe kí tìrẹ wà lára wọn. Sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí kòkòrò lè ṣì wà lára rẹ. Kíìtì ìka ò lè rí ìyẹn.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni Manaus, ní Brazil. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀. Antibody tó ń rọ̀ yìí náà ni wọ́n ṣírò kún un, wọ́n sì ní títí di oṣù kẹwàá 2020, bí 76 nínú 100 ará ìlú náà ti kó o. Àwọn kan gbà pé ó ti tán nílẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kìíní 2021, ọ́síjìn tán ní àwọn ilé ìwòsàn Manaus. Èèyàn ń kú lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi bàálù kó aláìsàn lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ̀yà kòkòrò tuntun ti jáde, antibody ti dín kù, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ò jọ gbogbo ìlú tó bí wọ́n ṣe rò. Nítorí náà, ẹni tó bá ní 23 ti Èkó ń dáàbò bò wá nígbà yẹn, kò yé e. Oṣù kejìlá 2020 sí oṣù kìíní 2021 ni àrùn náà jà lẹ́ẹ̀kejì ní Èkó náà.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú

Bàbá, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Ìbéèrè ìparí: ṣé kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi wò báyìí, kí n lè fi èsì rẹ̀ hàn án pé òótọ́ ni mo ṣe é?

Bàbá Láàbù

Ẹ má náwó síbẹ̀. Oṣù kẹta 2021 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà kọ́kọ́ dé Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní 2020, àrùn nìkan ló lè fi antibody sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èsì rẹ̀ fi ṣeé túmọ̀. Lónìí, bí kíìtì bá ń wá antibody tó ń dojú kọ ẹ̀gún ara kòkòrò náà, kò lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ AstraZeneca yín ló ṣe é tàbí àìsàn. Kíìtì kan wà tó ń wá antibody sí inú kòkòrò náà, abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ìyẹn jáde, ṣùgbọ́n irú ti inú yìí ló ń tètè rọ̀. Bó bá tilẹ̀ yọ, ẹ ò ní lè sọ pé ti 2020 ni, kì í ṣe ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìlú ni wọ́n ṣe 23 fún. Kò ní orúkọ ẹnì kankan nínú.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú

Ó ti ka gbogbo rẹ̀. Kò ní òun gbà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ní kí n bi yín pé bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí Gombe fi jẹ́ 9?

Bàbá Láàbù

Ìwádìí yẹn náà rí i pé ìlú ńlá ju abúlé lọ, ọkùnrin sì ju obìnrin lọ. Èyí lè jẹ́ díẹ̀ nínú ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gombe kọ́ ló yẹ kó máa bi mí, Enugu ni. Ní oṣù kẹwàá 2020, àwọn tí wọ́n kà lórí tẹlifíṣàn fún Enugu ò pé 1,500 lápapọ̀, ti Èkó sì ti tó bí 20,000. Ẹ̀jẹ̀ ní 23 ni ti àwọn méjèèjì. Kó kọ́kọ́ fi 1,500 àti 20,000 rẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún mi, lẹ́yìn náà ká wá sọ ti Gombe.